Ọmọ ń pọ̀ sí i nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Kubwa: kíláàsì wo ni ká kọ́lé fún?

TélọByazhin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ó sì gùn díẹ̀.

Télọ̀ ni mí ní Byazhin, Kubwa níbí, l'Abuja. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ìbejì mi náà ń lọ síbẹ̀, Pírámárì 2 ni wọ́n wà. Bí mo ṣe di akọ̀wé SBMC níbẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti ará àdúgbò tó ń bá wọn bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má bi mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan èèyàn, èmi nìkan ni mo mú bírò wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà tó kọjá, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ọmọ tuntun sí Pírámárì 1, àwọn òbí ti tò sẹ́nu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fojú ara mi kà wọ́n, wọ́n lé ní 170. Ọmọ 131 ni wọ́n gbà. Ìyá kan jókòó sínú ẹrẹ̀ níwájú géètì, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá gba ọmọ òun. Látọjọ́ náà ni HM wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ti ń sọ pé Pírámárì 1 ló máa pa wá.

Ní báyìí, Alhaji kan ládùúgbò wa, ọmọ Ìlọrin, ti ṣèlérí pé òun á kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì sílé-ẹ̀kọ́ náà ní ìrántí ìyá òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o, yanrìn ti balẹ̀, tírípù mẹ́ta. HM fẹ́ kí yàrá méjèèjì jẹ́ ti Pírámárì 1, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, pẹ̀lú àga kéékèèké. Alhaji ní ibi tí ìgbìmọ̀ bá ní kó wà lòun máa kọ́ ọ sí, àmọ́ kí a sọ iye ọmọ tó ń bọ̀ fóun, kóun má lọ náwó sílé tí kò ní gbà wọ́n. Gbogbo wa ń wojú ara wa. Ẹnì kan ní 150, ẹlòmíì ní 300. Alága wa ní, “Ọlọ́run ló mọ̀.” Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Alhaji kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká lọ bi Ọlọ́run wò, ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Yàrá 14 la ní. Pírámárì 1 ní mẹ́ta, Pírámárì 2 ní mẹ́ta, àwọn tó kù ní méjì méjì. Olùkọ́ 17 la ní, bí ẹ bá ka HM àti igbákejì rẹ̀ mọ́ wọn.

Ìbéèrè mi rèé. Tí mo bá ń rán gáùn fún ọmọ ọdún mẹ́fà, mo máa ń ká etí rẹ̀ sínú ní íǹṣì mẹ́ta, kí ìyá rẹ̀ lè tú u tọ́mọ bá ga. Mo mọ iye tó yẹ kí n ká, torí mo mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó máa gbà ga? Ẹ gbà mí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di méjì ààbọ̀.

BàbáTíṣàKàdúná

Ìyá Ìbejì, ẹ kú akitiyan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọdún tí UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ gan-an, Sẹ̀tẹ́ńbà 1976, ni mo gba iṣẹ́ ní Kàdúná, ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà náà. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ l'Ékòó retí ọmọ bíi mílíọ̀nù 2.3 sí Pírámárì 1 káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3. Ọmọ 84 ni wọ́n fún èmi, abẹ́ igi dóńgóyárò ni kíláàsì wa. Tójú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn. Ilé wa ní Ìwọ̀ Oòrùn náà kò yọ sílẹ̀: nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bíi 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kójú tì yín pé ẹ ò mọ iye. Àwọn tó jù yín lọ náà ṣì í.

Ẹ sọ fún alága yín pé lóòótọ́ ni Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n Ó fún wa ní rẹ́jísítà.

Ẹ gba rẹ́jísítà ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ HM. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí o, rẹ́jísítà tí wọ́n fi ń pe ọmọ láràárọ̀ ni mò ń wí, kí ẹ sì mú ti táàmù kejì, torí pé ní táàmù kìíní ọmọ ṣì ń wọlé, ó ṣì ń jáde. Ọmọ tí kò bá ti wá fún oṣù kan gbáko, ẹ yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo di HM, orúkọ 31 ni mo rí nínú rẹ́jísítà tó jẹ́ pé wọ́n ti kó lọ sí Zaria, sí Jos, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ má wo kíláàsì, àwọn ọmọ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Àwọn tó wà ní Pírámárì 2 lọ́dún kan, mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Pírámárì 3? Bí 100 bá di 104, a jẹ́ pé àwọn tó wọlé láti ìta fi mẹ́rin ju àwọn tó jáde lọ. Bí 100 bá di 95, ẹ wádìí ohun tó ń lé wọn. Ẹ ṣe é láti kíláàsì kan sí èkejì, fún ọdún mẹ́ta. Ìṣirò tí ọmọ Pírámárì 4 lè ṣe ni.

Pírámárì 1 nìkan ni kò ní kíláàsì tó ṣáájú rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ ka àbúrò àwọn ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì lọ bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ yín pé kí wọ́n bá yín wo iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ má fi ìlà ẹnu géètì ṣe ìṣirò. Àwọn òbí Abuja máa ń tò sílé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: bàbá wà níbí, ìyá wà lọ́hùn-ún, ọmọ ọ̀dọ̀ wà níbòmíì. 170 yín lè jẹ́ 140.

Bí ẹnì kan bá sì mú iye èèyàn Kubwa wá sípàdé, ẹ bi í pé ọdún wo ni wọ́n kà á. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ni ti 2006, tó ní èèyàn 1,406,239 wà ní gbogbo FCT, ìyẹn Abuja àti agbègbè rẹ̀. Látìgbà náà, àbá lẹnikẹ́ni ń dá.

ỌmọỌ̀ffàGwarimpa

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ ti rẹ́jísítà, ilé kíkọ́ ni mo mọ̀. Ohun mẹ́ta péré ni mo ní.

Ẹ má kọ́ yàrá Pírámárì 1. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ kọ́. Àwọn kan fẹ́ yàrá kékeré, fèrèsé ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́dún tí Pírámárì 5 bá nílò yàrá náà, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ kó rí bákan náà bíi ti ìyókù.

Ìpìlẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ bẹ Alhaji kó jẹ́ kí injiníà wo ilẹ̀, kí wọ́n sì fi irin tó lè gbé òkè kan sí i lọ́jọ́ iwájú. Owó á lé díẹ̀ báyìí, àmọ́ ibẹ̀ ni “etí aṣọ” tí ẹ̀ ń wá wà.

Ìkẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù: kí bíríkìlà tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ mú àwòrán ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà jáde, kí àjọ tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà sì fọwọ́ sí i ní kíkọ. Abuja la wà. Ilé tí kò níwèé níbí, katapílà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o! Wọ́n á kọ́ yàrá méjì, wọn ò ní kọ́ ṣáláńgá kan. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ rówó kọ́lé rárá, ẹ lè pín àwọn ọmọ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Yàrá 14 di 28 láìna kọ́bọ̀.

TélọByazhin

Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá Tíṣà, mo ti ṣe é o. Orí mi ṣì ń gbóná.

Kí n tó ráyè dé ọ́fíìsì HM, mo kọ́kọ́ tú ìwé tèmi, ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ sí. Gáùn ọmọ Pírámárì 1 kì í sábà ju íǹṣì 25 lọ. Ti Pírámárì 3 àti 4, 28 sí 30 ni. Mo wá yẹ àwọn ọmọ tuntun nìkan wò, àwọn tí ń rán yunifọ́ọ̀mù wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti Sẹ̀tẹ́ńbà sí Dìsẹ́ńbà 2022, ọmọ tuntun mẹ́sàn-án ni mo rán íǹṣì 28 sókè fún. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà sí Dìsẹ́ńbà 2023, 38. Mo rò pé mo ṣì í kà ni. Mo tún un kà, 38 náà ni, èmi nìkan sì kọ́ ni télọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan wà nítòsí géètì tí òun náà ń rán an. Ẹ gbọ́, mo ti rán aṣọ yìí, mo ti gbowó, mo ti ná an, kò sì sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ tuntun wo ló ga tó báyìí.

Mo wá lọ bá HM. Odindi ọ̀sán ọjọ́ Furaidé la fi ka rẹ́jísítà. Bó ṣe rí nìyí. Pírámárì 1 tí gbogbo wa ń bẹ̀rù: 118 ní 2021/22, 126 ní 2022/23, 131 lọ́dún yìí, 2023/24. Ó ń pọ̀, àmọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Àwọn tó wà ní Pírámárì 2 ní 2021/22 jẹ́ 112, wọ́n di 114 ní Pírámárì 3. Kò sí wàhálà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 119 ní Pírámárì 2, wọ́n di 139! Àwọn ti Pírámárì 3 tó gòkè sí Pírámárì 4, 107 di 109 lọ́dún àkọ́kọ́, lọ́dún yìí 114 di 137. Ọmọ 43 wọ àárín ilé-ẹ̀kọ́ wa láti ẹ̀yìn, ojú gbogbo wa sì wà lẹ́nu géètì.

Pírámárì 2 jẹ́ 128 lọ́dún yìí. Pírámárì 5 kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, 109 di 112. Pírámárì 6 tilẹ̀ dín díẹ̀, 104 di 102.

Ẹ wá wo yàrá. Ọmọ Pírámárì 1 jẹ́ 44 nínú yàrá kan. Ti Pírámárì 4 jẹ́ 68 nínú ọ̀kan, 69 nínú èkejì. Mo yọjú síbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin wà lórí bẹ́ńṣì ẹni méjì, àwọn kan jókòó sórí òkúta tí wọ́n tẹ́ páálí lé. HM ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́, ó wá ní, “Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò pariwo.”

Kí ló fà á? Kí ló dé tó jẹ́ Pírámárì 3 àti 4 nìkan?

ÌyáÀdùkẹ́Mararaba

Èmi ni àwọn 43 yẹn.

Kì í ṣe nílé-ẹ̀kọ́ yín, Mararaba ni mò ń gbé, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wa ni. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni làwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó mọ́tò ọkọ mi lọ sí Wuse bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú. A jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, a ní ta la fẹ́ yọ? Àgbà wà ní Pírámárì 5, ìdánwò àtiwọ Sẹ́kọ́ńdìrì kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò lè fọwọ́ kàn án. Àbíkẹ́yìn wà ní nọ́sìrì, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, ta ló fẹ́ jẹ́ kó máa dá títì márosẹ̀ kọjá lọ sí ti ìjọba? Àdùkẹ́, tó wà láàárín, ló kù. Ó lè rìn, ó ti lè kàwé, kò sì tíì sún mọ́ ìdánwò kankan. Àárín ló gbé ẹrù náà. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè, ohun tí wọ́n á sọ nìyẹn.

Kò tètè wọlé pàápàá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kúrò jókòó lé ìwé èsì rẹ̀ nítorí owó táàmù kan tí a jẹ, títí di oṣù Kọkànlá. Oṣù méjì ló fi ń lọ síbi tuntun láìsí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Nítorí náà Bàbá Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ tí kò lọ́mọ, ẹ ṣeun. Àmọ́ kí wọ́n tún ka ọmọ tí kò lórúkọ.

Tẹ́ ẹ bá sì ń rò pé nǹkan á dẹ̀, àwa á dá wọn padà, èmi ò ní dá a padà o. Ó ti mọ́ ọn lára. Owó náà ti níbi tó ń lọ.

Ọmọ Ọ̀ffà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní aago kan ọ̀sán, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lọ́jà? Aago mélòó ni yóò délé? Àfi tí kì í bá ṣe ọmọ tiyín.

ỌmọỌ̀ffàGwarimpa

Mo tọrọ àforíjì, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì lọ́mọ, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ mi.

BàbáTíṣàKàdúná

Ìyá Àdùkẹ́, mo gbà. Mo ti ṣe tíṣà fún ọdún 35, n kò ronú kan ọmọ tí kò lórúkọ. Ẹ ṣeun.

Ti àárọ̀ àti ọ̀sán yẹn, Èkó ṣe é títí, ó sú wọn. Nígbà tí Jákàńdè di gómìnà ní 1979, ó sáré kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri kó lè fòpin sí i. Àwọn tó ń bú u ń pe àwọn yàrá náà ní ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ọmọ ń lọ, ọ̀sán ló ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má mú iye kan lọ bá Alhaji, méjì ni kí ẹ mú lọ. Ìkíní, tí kò bá sí ọmọ púpọ̀ tó tún wọlé láti ìta. Èkejì, tí ọdún tó ń bọ̀ bá rí bí èyí. Mo fi nọ́ńbà tí ẹ kọ síbí ṣe é. Pírámárì 3 á wà láàárín 130 sí 150. Pírámárì 4, 142 sí 167. Bí 167 bá wà nínú yàrá méjì, ọmọ 83 tàbí 84 ni, ọjọ́ UPE tèmi gan-an nìyẹn, òrùlé nìkan ló fi yàtọ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí 749 ti wà báyìí, á tó 790 sí 840.

Ẹ kíyè sí Pírámárì 5. Àwọn 137 tó kún Pírámárì 4 lọ́dún yìí ń gòkè bọ̀, wọ́n á tó 141 níbẹ̀, nínú yàrá méjì péré. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá Ọmọ Ọ̀ffà fohùn ṣọ̀kan: ẹ má fi ọ̀dà kọ “Pírámárì 4” sára ilẹ̀kùn. Pátákó tó ṣeé gbé kọ́, tó ṣeé gbé kúrò, ni kí ẹ lò. Yàrá gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ọmọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ní ọmọ 35 sí olùkọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá yọ HM àti igbákejì rẹ̀, olùkọ́ 15 ló ń kọ́ni níbẹ̀. Fún ọmọ 840, ọmọ 56 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá méjì tuntun láìsí olùkọ́ méjì tuntun, ibi ìkó-bẹ́ńṣì-pamọ́ ló máa dà. Kọ lẹ́tà báyìí, fi rẹ́jísítà ọdún mẹ́ta gbè é lẹ́sẹ̀, kí HM fọwọ́ sí i, kí Alhaji náà fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tó bá ti ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ òbí kankan fún un. Òfin UBE 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

TélọByazhin

Ẹ̀yin ará, a ti ṣèpàdé. Àná ni.

Mo ya ìlà sórí bébà páálí ńlá, irú èyí tí mo fi ń gé pátáànì. Mo kọ kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọdún kan sí èkejì. Alága wa wò ó títí. Ó ní, “Ṣé ohun tí Ọlọ́run mọ̀ nìyí?” Alhaji rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́.

HM jà díẹ̀. Ó ní àwọn tí a dá padà lẹ́nu géètì ńkọ́? Èmi ò ní èsì tó dára fún un. A bi nọ́ọ̀sì kan, ó ní òun máa bá wa wo ìwé àjẹsára, àmọ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tó jókòó sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́sí, mo mọ̀ ọ́n, ó ń ta ẹ̀wà níwájú wa. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé. Kì í jẹ́ kójú wa ṣe mẹ́rin.

Ibi tá a fi sí nìyí: yàrá méjèèjì á wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pírámárì 3 àti 4, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan. Yàrá gbogboogbò ni, ìpìlẹ̀ á lágbára, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin á wà níbẹ̀, méjì fún ọkùnrin, méjì fún obìnrin. Alhaji ní òun ò rò pé òun á kọ́ ṣáláńgá ní ìrántí ìyá òun, ó tún rò ó, ó ní ìyá òun fẹ́ràn ìmọ́tótó. HM ń gbé lẹ́tà olùkọ́ àti àwòrán ilé náà lọ lọ́jọ́ Ajé. A ò ní gbẹ́ ilẹ̀ títí ìwé àṣẹ á fi dé. Ọmọ Ọ̀ffà, mo fi ọ̀rọ̀ katapílà yẹn dẹ́rù bà wọ́n, ó ṣiṣẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́, láti òní, ọmọ tuntun tó bá wá wọn yunifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, mo ń bi í pé kíláàsì wo, níbo lo ti ń bọ̀, ṣé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ? Mo ń fún HM ní ìwé náà ní Furaidé Furaidé. Mo ti lọ ra yáàdì 40 lára aṣọ yunifọ́ọ̀mù onígun mẹ́rin yẹn ní ọjà Kubwa, íǹṣì 28 sí 30 ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gé. Tó bá di Sẹ̀tẹ́ńbà, màá wá sọ iye tó kù lọ́wọ́ mi níbí.